Àpótí Tí Wọ́n Tú Lẹ́yìn Ẹ̀rọ

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Jímọ̀, nǹkan kan bú gbàmù nínú ṣọ́ọ̀bù Theophilus Àkàngbé ní Mushin, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Ládìpọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tó wà níbẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu lórí ọjọ́ náà, lórí àsìkò àti lórí ẹni tó ṣèṣe. Ohun tó bú ni dráífù, ìyẹn àpótí iná tó ń darí mọ́tò ẹ̀rọ. Ẹni tó ṣèṣe ni Taoheed, òṣìṣẹ́ tó dúró níwájú ẹ̀rọ náà. Àfọ́kù kan fò jáde, ó sì la òkè ojú rẹ̀ òsì. Ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti rán an. Ojú náà kò fọ́.

Orí ohun tó fà á ni ọ̀rọ̀ ti yà. Àwọn kan ní iná ló ya dé lójijì. Àǹtí Hilda, tó ń ta ọ̀dà ní òdìkejì títì, ní ayé ni, ó sì wẹ̀yìn wò kó tó sọ ọ́. Àkàngbé tó ni ẹ̀rọ kò bá ayé jà ní tirẹ̀.

"Ọwọ́ Taoheed ló wúwo," ó sọ fún mi. "Ó ń tẹ bọ́tìnnì ìdádúró bí ẹni tó ń pa àkeekèé."

Dráífù kejì nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ bú ní ọdún tó ṣáájú, Taoheed náà ló sì wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ládìpọ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Bó bá yọ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan á pariwo pé, "Bọ́ǹbù ti dé o!" àwọn tó kù á sá sẹ́yìn gíáàbọ́ọ̀sì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní tó bá délé, kì í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Taoheed. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí i sí. Bó bá lọ sílé lọ́dún Iléyá, àwọn ìbátan rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ọ̀dọ̀ Àkàngbé ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti gba fríìdọ̀mù, kò sì lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti fá ojú dísìkì bíréèkì tó ti jẹ, kó lè tún dán bọ̀rọ́, kí ọkọ̀ má bàa máa gbọ̀n nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Léètì ọlọ́wọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin, ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2023, Àkàngbé ra léètì tòkunbọ̀ kan tó ń lo kọ̀ǹpútà. Mọ́tò sáfò ló ń yí i, irú mọ́tò tó ń dúró síbi tí wọ́n bá ní kó dúró gan-an, láìfi ìka kan kọjá. Taoheed nìkan ló ní sùúrù láti kọ́ ọ.

Ní tòótọ́, Àkàngbé kì í ṣe òpè nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń jẹun lórí bíréèkì. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò ní í wo táyà. Á bẹ̀rẹ̀, á gbóòórùn, á sì sọ ẹsẹ̀ tó ń di ọkọ̀ mú àti èyí tó ń tan awakọ̀ jẹ. Mo rò pé àsọdùn ni. Mo dán an wò pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta. Ó mọ méjì nínú wọn.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fá dísìkì ní òfin kan: ẹni tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ sí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní í fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ nìkan. Láti Ládìpọ̀ títí dé Òtó, kò sí ẹni tó máa jẹ́ kó tẹ bọ́tìnnì kankan. Wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ń mọ ọwọ́, pé ọwọ́ kan wà tí ẹ̀rọ kì í fẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ alága wọn, Alàájì Muadh, bóyá ó gba èyí gbọ́.

"Ṣé gbogbo ọwọ́ ló ń se ọbẹ̀ tó dùn?" ó bi mí.

Mo ní ọbẹ̀ kì í bú gbàmù.

"O ò tíì tọ́ ti ìyàwó mi kejì wò ni."

Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti dá Taoheed padà sídìí léètì ọlọ́wọ́. Àwọn oníbàárà kan tún ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan ti àwọn. Nígbà tó yá, Àkàngbé rí dráífù kan sí i. Ẹni tó bá a wá a ní irú rẹ̀ kò sí mọ́, pé àwọn tó ń ṣe é ti jáwọ́. Alàájì Muadh ní kí wọ́n dán an wò lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́, kí Taoheed fúnra rẹ̀ sì wà nídìí ẹ̀rọ. Bó bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá bú, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, iṣẹ́ tí Taoheed fi gbogbo èwe rẹ̀ kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Taoheed ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí ẹnjiníà kan kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe Christabel ní Yaba.

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà, tí a pé jọ. Alàájì Muadh àti àgbà méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí èèyàn ti lè tètè sá. Àkàngbé dúró. Christabel, ọmọ tíṣà kan ní Surulere, tó ń tún ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ ṣe, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àwàdà. Ó kí àwọn àgbà, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

Ihò ìdè mẹ́rin ló ń tọ́ka sí, àti wáyà méjì tí wọ́n gé, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé lórí.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá kọ̀nténà dé," Àkàngbé dáhùn. "Àwọn tó tà á ló mọ̀."

Taoheed ń wo ilẹ̀. Mo rí i.

"Ẹ̀gbọ́n," Christabel ní, "bí dísìkì tó wúwo bá ń yí fírífírí, tí ẹ wá ní kó dúró lójijì, agbára tó fi ń sáré yẹn, ibo ló ń lọ?"

"Ó dúró náà ni. Ibo ló tún fẹ́ lọ?"

"Kò lè dúró lásán, sà. Nígbà tí mọ́tò yìí bá ń dá a dúró, ó ti di jẹnẹrétọ̀ nìyẹn. Iná tó ń ṣe nígbà náà, inú dráífù ló ń padà sí. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fa omi sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti dé pa. Kẹ́ẹ̀gì á wú, á wú, lọ́jọ́ kan á bẹ́. Àpótí kan ló yẹ kó wà níbi ihò wọ̀nyí. Rẹsítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Iná tó bá ti pọ̀ jù, dráífù á tì í síbẹ̀, àpótí á sì jó o dànù. Á di ooru."

"Ooru?" Àkàngbé bú sẹ́rìn-ín. "Ní Mushin yìí? Ẹnjiníà, àwa tí à ń sùn lójúde nítorí ooru, ẹ tún fẹ́ ra òmíràn kún un fún wa?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Christabel kọjú sí Taoheed.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí kò kìlọ̀ kó tó bú ni?"

"Ó ń kìlọ̀. Iná pupa á tàn, á sì kú. A ó pa á, a ó tún un tàn, a ó máa bá iṣẹ́ lọ."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́?"

"Àǹtí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Gbogbo ìgbà yẹn ni kẹ́ẹ̀gì ń wú," Christabel ní.

Taoheed mú agboòrùn. Ó ní kí Christabel jẹ́ káwọn lọ wá wáyà. Ojú tó fi wò mí yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wá wáyà, ni mo bá tẹ̀lé wọn.

Ṣọ́ọ̀bù kejì ni a yà sí, ọ̀dọ̀ Abdullateef, wẹ́dà. Lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó kan àpótí páànù kan bí óófùnù. Nínú rẹ̀ ni àpótí irin eléérú kan wà, tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ẹ̀gbẹ́ rediétọ̀. Ó to páálí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó fi ń jórin, sórí rẹ̀. Wáyà rẹ̀ bọ́ sínú ihò iná ara ògiri.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Á bó yín láwọ̀," Abdullateef kígbe. "Ọ̀gá ni nǹkan yìí. Látìgbà tó ti wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rinrin òjò kì í ba irin mi jẹ́ mọ́."

"Ta ló fún yín?" mo béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé náà ni. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ wọn dé. Wọ́n ní hítà ni, pé òyìnbó fi ń mú ara ẹ̀rọ gbóná nígbà òtútù, pé kí lèèyàn ń fi hítà ṣe ní Èkó. Mo so ó mọ́ iná, ó gbóná lóòótọ́!" Ó yíjú sí Taoheed. "Bọ́ǹbù, ṣebí ìwọ lo gbé e wá?"

"Èmi ni."

Àṣìṣe náà kò jẹ́ tuntun. Ní Ládìpọ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í fi tẹmosítáàtì, ìyẹn ohun tó ń darí ooru ẹ́ńjìnnì, sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Wọ́n á yọ ọ́ jù nù, wọ́n á ní ti ilẹ̀ òtútù ni. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ bẹ́ẹ̀, tó wá rí àpótí tó ń gbóná lẹ́yìn ẹ̀rọ òyìnbó, kí ni kò ní í yọ?

Mo bi Taoheed bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Wọ́n ní kí n tú u. Mo tú u."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látìgbà yìí?"

"Ta ló mọ̀ pé òun ni? Èmi náà gbà pé hítà ni."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ní ìsinsìnyí?"

"Àbúrò, ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ nípa kọ̀nténà."

Èmi kò tíì gbà tán. Ohun tó bá gbóná nígbà tí a so ó mọ́ iná, hítà náà lè jẹ́ lóòótọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Christabel. Ó ní ká ṣì dúró wò. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù díẹ̀, ó nu eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ó sì mi orí pé rẹsítọ̀ náà ni. Abdullateef ń kùn pé kí ni kí òun wá fi gbẹ irin òun nínú òjò yìí.

"Fi sábẹ́ abíyá," Taoheed dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí a gbé e wọlé, Àkàngbé wò ó, ó wo Taoheed, ó sì ṣí fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀. Kò béèrè ibi tí a ti rí i.

Christabel dè é mọ́ àyè rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé gbogbo páálí tó wà nítòsí kúrò, ó sì fi páànù sí àárín àpótí náà àti ògiri pákó. Ó so wáyà mítà mọ́ dráífù kí gbogbo èèyàn lè máa rí bí iná inú rẹ̀ ṣe ń lọ sókè. Bí ẹ̀rọ bá ń yí lásán, ẹgbẹ̀ta fóòlù ló yẹ kó hàn. Bó bá dé ẹgbẹ̀rin, ewu dé. "Ohun tí ẹ ó máa wò nìyẹn," ó sọ fún àwọn àgbà. "Ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò láìsí dísìkì lórí rẹ̀. Taoheed tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ dúró, nọ́ńbà mì díẹ̀, ó sì padà. Wọ́n gbé dísìkì ọkọ̀ akérò kan lé e. Ẹ̀rọ sáré. Taoheed tẹ bọ́tìnnì.

Nọ́ńbà kò mì lọ́tẹ̀ yìí, ó fò. Ó kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kí n tó sẹ́jú, ó ń lọ sí ẹgbẹ̀rin. "Ẹ yàgò!" Christabel kígbe. Àgbà kan dojú bẹ́ǹṣì dé. Iná pupa tàn, ẹ̀rọ náà kú, dísìkì sì ń yí lọ fúnra rẹ̀, ó ń hu wíwí, títí tó fi rẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan kò bú. Ṣùgbọ́n Alàájì Muadh ti wà lójúde, nínú òjò.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ó ní. "Ó tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti pé."

"Kò bàjẹ́, Alàájì," Christabel ní. "Ó kìlọ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn méjì ìṣáájú ṣe kìlọ̀."

Kò parọ́. Mo wo Àkàngbé, ó ń wo ilẹ̀kùn. Lákòókò yẹn, èmi gan-an rò pé Christabel ti ṣì í, pé hítà lásán ni a lọ gbà lọ́wọ́ wẹ́dà.

Taoheed nìkan ni kò kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó ti lọ sẹ́yìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè àpótí eléérú náà láìfi kàn án.

"Àǹtí Christabel. Ó tutù."

"Kí ló tutù?"

"Àpótí yìí. Tí iná bá dé ibí, ṣé kò yẹ kó gbóná ni?"

Christabel yíjú sí dráífù. Ó pa iná. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan dráífù, pé iná tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ ṣì lè pa èèyàn, a sì dúró títí nọ́ńbà ara mítà fi rọra sọ̀ kalẹ̀ dé òdo. Ó ṣí ìdérí, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀.

"Èmi ni mo jẹ̀bi. Dráífù yìí ní rẹsítọ̀ kékeré kan nínú ikùn. Wáyà péńpé yìí ló ń sọ fún un pé kó máa lo ti inú. Tí èèyàn bá so ti ìta mọ́ ọn, ó gbọ́dọ̀ yọ wáyà yìí. Mi ò yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Gbogbo wáyà náà kò gùn ju ìka ọmọdé lọ.

"Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀," àgbà tó dojú bẹ́ǹṣì dé sọ. "Ẹ tà á bẹ́ẹ̀."

Alàájì Muadh ti wọlé padà, omi ń kán lára agbádá rẹ̀. "Taoheed, ẹnu rẹ la fẹ́ gbọ́. Bó bá bú báyìí, àlàyé kankan ò sí mọ́ o."

Taoheed fọwọ́ kan àpá òkè ojú rẹ̀. "Ẹ gbé ti tírélà wá," ó ní.

Dísìkì tírélà wúwo tó ìyá ọlọ́. Èèyàn méjì ló gbé e sórí ẹ̀rọ. Taoheed jẹ́ kó sáré dé òpin eré rẹ̀, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà wa. Mo rò pé á rọra tẹ bọ́tìnnì náà lọ́tẹ̀ yìí. Kò rọra. Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń pa àkeekèé.

Nọ́ńbà fò. Ó kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rin. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò lọ sókè, kò sì wálẹ̀. Àpótí eléérú náà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Dísìkì tírélà dẹwọ́ eré, ó dẹ̀ ẹ́ sí i, ó sì dúró. Nọ́ńbà padà sí ẹgbẹ̀ta.

Iná pupa kò tàn.

Òórùn kan wá gba inú ṣọ́ọ̀bù, ti eruku irin tó ń jó. Àkàngbé gbé imú sókè. Ó rìn lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú àpótí náà bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nídìí ọkọ̀, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

"Bíréèkì ni," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bíréèkì tí kò bá gbóná, kò di nǹkan kan mú." Ẹni tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn awakọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni.

Alàájì Muadh ní kí wọ́n tún un ṣe. Taoheed tún un ṣe títí tó fi sú àwọn àgbà. Òun fúnra Alàájì na ọwọ́ sí àpótí náà, ó sì tètè fà á padà. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ara dráífù, ó fi í síbẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ̀ kò ní nǹkan kan," ó kéde. "Ó yé mi báyìí. Ohun tí kò yé mi ni pé ta ló tú nǹkan yìí kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ?"

Àkàngbé dìde níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Ó gbọn eékún sòkòtò rẹ̀.

"Taoheed ló tú u," ó ní.

Irọ́ kò sí nínú rẹ̀. Gbogbo ojú sì yí sí Taoheed. Taoheed mú àkísà, ó nu òróró ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé àkísà náà ka orí ẹ̀rọ.

"Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo tú u. Ẹ wá sọ ẹni tó rán mi fún Alàájì."